Àmàlà ti wọ́n: kí ló kù nínú ìkòkò?

Ẹni tó bá ń jẹun níta ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó mọ̀ pé owó tó ń yó géńdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kò yó ọmọdé mọ́. Gbogbo ẹnu ló ń sọ ìyẹn. Ìkòkò ló ń jẹ mí lọ́kàn ní tèmi: nígbà tí owó ń gòkè, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tí wọ́n ń bù sí wa nínú àwo? Lójú tèmi, olóúnjẹ tó fi owó lé oúnjẹ ní gbangba, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì yí padà nídìí ààrò, ṣe wá lóore ju ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ kan lé e ṣùgbọ́n tó ti bu omi sí gbẹ̀gìrì. Ti ẹni àkọ́kọ́, a mọ ohun tí à ń san. Ti ẹnì kejì, a ti san án ká tó mọ̀.

Kí á má dá olóúnjẹ lẹ́bi lásán, ẹ wo ohun tó dé bá a. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí kò tó náírà 200 tẹ́lẹ̀ sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà pàṣípààrọ̀, ni gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá bá tún gbówó lórí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, yúníìtì iná fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí iná wọn máa tó wákàtí 20 lóòjọ́, fò láti náírà 68 sí 225. Ilé oúnjẹ tó ní fìríìsà méjì kò lè ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 láti 30,000. Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé owó oúnjẹ ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Kẹfà ọdún tó ṣáájú lọ, ìyẹn ni pé ohun tí a rà ní náírà 100 ti di nǹkan bíi 141 láàárín ọdún kan. Ẹ̀wà tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀: lọ́dún 2024, iye rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ fi ti ẹ̀wà yẹn sọ́kàn, torí a máa padà sídìí gbẹ̀gìrì.

Ní bùkà, èròjà inú ìkòkò nìkan sábà máa ń gba ju ìlàjì owó tó ń wọlé lọ. Nítorí náà, bí ọjà bá ti gbówó lórí, ọ̀nà mẹ́ta péré ló wà: kí ó fi owó lé e, kí ó dín ìwọ̀n kù, tàbí kí ó yí ohun tó ń sè padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ojú oníbàárà kì í tètè tó.

Ìwọ̀n ni ká kọ́kọ́ mú. Iye ṣíbí kì í ṣe ìwọ̀n. Ṣíbí tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì lè ti di kékeré, ó sì lè jẹ́ ṣíbí àtijọ́ náà ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ti di pẹrẹsẹ níbi tó ti máa ń ga bí òkìtì. Ká ní ṣíbí ìrẹsì kan jẹ́ náírà 200, tó sì wọn gíráàmù 120. Wọ́n wá sọ ọ́ di 300, gbogbo wa sì gbà pé ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi lé e. Bí ṣíbí náà bá ti di gíráàmù 90, gíráàmù 100 ìrẹsì tó jẹ́ bíi náírà 167 tẹ́lẹ̀ ti di 333. Ìlọ́po méjì géérégé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlàjì ni ẹnu ń pè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran. Kílò ẹran màlúù tútù kan, tó bá jinná, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ á ti bá omi lọ, á wá ku nǹkan bíi gíráàmù 650 sí 700. Bí olóúnjẹ bá gé kílò yẹn sí mẹ́wàá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á tó gíráàmù 65 sí 70 nínú àwo. Bó bá gé e sí mẹ́rìndínlógún, ẹyọ kan kò ní ju bíi 44 lọ. Kí ó máa tà á ní iye kan náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi owó lé ẹran, síbẹ̀ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti fi lé e. Ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran pẹlẹbẹ, kó lè gbòòrò lójú, ni kí ẹ ti la ojú dáadáa. Ẹ wo bó ṣe nípọn tó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ kò nílò àríyànjiyàn. Ẹ ra oúnjẹ náà lọ sílé, kí ẹ gbé e lé ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn fúláwà kéèkì. Ẹ wọn ìrẹsì tàbí àmàlà lọ́tọ̀, ẹ wọn ẹran lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ọbẹ̀ bá ti ro lára rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye tí ẹ rà á àti ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Ẹ lè wá mọ̀ bóyá ilé oúnjẹ tí ẹ rò pé ó wọ́n jù ládùúgbò ló ń fún yín ní oúnjẹ tó pọ̀ jù sí náírà kan. Mo ti rí i pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ, pàápàá níbi tí èrò pọ̀ sí, torí ìkòkò tó ń tètè tán kì í ní àṣẹ́kù tí wọ́n máa dà nù.

Àmàlà ló yẹ ká fi ṣe àpẹẹrẹ ohun inú ìkòkò, torí òun ló ṣòro láti fi ata bò mọ́lẹ̀. Kílò mẹ́ta sí mẹ́rin iṣu tútù ló ń di kílò èlùbọ́ kan lẹ́yìn bíbó, bíbọ̀, sísá àti lílọ̀. Ìdí nìyẹn tí èlùbọ́ fi máa ń wọ́n tí iṣu bá wọ́n. Láfún, tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, dínwó sí i. Kí èèyàn ro àmàlà láfún, kó sì pè é ní láfún, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ti iṣu lọ. Ohun tí kò dáa ni kí wọ́n po láfún mọ́ èlùbọ́ iṣu, kí wọ́n sì gba owó iṣu. Àwọ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín: àmàlà iṣu gidi máa ń dúdú tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èyí tí wọ́n ti po mọ́ láfún á ṣì bí eérú. Ọwọ́ ló máa sọ èkejì: ó ń fà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ti iṣu máa ń já wẹ́rẹ́ tí èèyàn bá bù ú, kì í tẹ̀ lé ọwọ́.

Rírò rẹ̀ náà ń ná wọn lówó, ibẹ̀ ni gáàsì ti ń dá sí ọ̀rọ̀. Kílò èlùbọ́ kan ń mu omi gbígbóná tó lítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi orógùn rò ó títí kò fi ní kókó mọ́, ó yẹ kí wọ́n wọ́n omi gbígbóná sí i, kí wọ́n dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ooru lè wọ inú rẹ̀, kí wọ́n tó tún un rò. Ẹni tó ń ṣọ́ gáàsì lò á fo ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu: ó ń rùn bí ìyẹ̀fun, inú rẹ̀ sì ń ṣe hóró-hóró lábẹ́ eyín. Àmàlà bẹ́ẹ̀ lè fún ikùn ní wàhálà. Èyí tí wọ́n rò láàárọ̀ tí wọ́n sì kó sínú kúlà títí di ọ̀sán tún yàtọ̀: ara rẹ̀ á yọ̀ nítorí omi tí ooru sọ̀ kalẹ̀ láti ara ìdérí, inú rẹ̀ á sì le.

Gbẹ̀gìrì ni owó ẹ̀wà ti kọ lù jù lọ. Gbẹ̀gìrì tó péye, ẹ̀wà ni wọ́n rẹ, tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ kúrò pátápátá, tí wọ́n sè títí tó fi rà, tí wọ́n sì fi asẹ́ tàbí ìjábẹ̀ pò ó kó tó gba ata, epo pupa àti iyọ̀. Iṣẹ́ bíbó yẹn nìkan ń gba ọwọ́ ènìyàn kan ní gbogbo òwúrọ̀. Bí ẹ̀wà bá wọ́n, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi kún un. Ẹ jẹ́ kí àwo dúró díẹ̀ kí ẹ tó po ewédú mọ́ ọn: gbẹ̀gìrì tó ní ẹ̀wà nínú á dúró ṣinṣin, ti olómi á ya, omi á wà lókè, ẹ̀wà díẹ̀ á sì rì sísàlẹ̀. Àwọn kan wá rí i pé oníbàárà ti ń mọ ti omi, wọ́n fi ìyẹ̀fun láfún tàbí sítáàṣì mú un ki. Èyí kì í ya ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fà bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, ẹ̀wà kì í sì í fà. Bí gbẹ̀gìrì bá ń fà kí ewédú tó kàn án, kì í ṣe ẹ̀wà ló ń fà á.

Ewédú kì í gba àkókò: káún ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Káún díẹ̀ dára, ó ń jẹ́ kó tètè rọ̀, kó sì máa yọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé ti wọ́n, káún àti omi ni àwọn kan ń pọ̀ sí i, kí ewé díẹ̀ lè yọ̀ bíi púpọ̀. Ó máa ń korò fírí lẹ́yìn ahọ́n, ó sì máa ń ṣe bí ọṣẹ lẹ́nu.

Ọbẹ̀ ata wá nìyí, òun ni mo ka sí òṣùwọ̀n ilé oúnjẹ, torí iná, epo àti sùúrù ló ń gbé e jáde. Ata tí wọ́n lọ̀, tàtàṣé, rodo, tòmátò àti àlùbọ́sà, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sè é kí omi náà gbẹ, èyí ń gba bíi ìṣẹ́jú 30 sí 40 fún ìkòkò tó tóbi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú epo gbígbóná, wọ́n á din ín fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 mìíràn, títí epo á fi yọ sórí. Ẹni tó bá rò pé gáàsì ti wọ́n, á da ata olómi sínú epo lẹ́ẹ̀kan náà, á sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdajì àkókò. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ó máa ń kan lẹ́nu, torí kíkan tòmátò kò tíì lọ, ó sì máa ń yára bàjẹ́, torí omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ tó yẹ kó dúró di ọjọ́ kejì á ti máa hó ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á sì tún un gbé kaná. Gáàsì tí wọ́n rò pé àwọn ṣọ́ lò á tún jáde lọ́nà mìíràn. Ní ti oníbàárà, ẹ wo etí ìrẹsì: bí omi pupa bá ṣàn kúrò lára ata tó sì yí ìrẹsì ká, wọn kò din ín.

Tòmátò ní ìgbà tirẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kórè rẹ̀ jù lápá Àríwá, nítorí náà láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ló máa ń wọ́n. Ní ọdún 2016, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2024, kòkòrò Tuta absoluta tún ba oko jẹ́ ní Kàdúná àti Kánò, agbọ̀n tòmátò sì di ohun tí a ń wò lókèèrè. Olóúnjẹ tó mọṣẹ́ á yí ata rẹ̀ padà ní àkókò bẹ́ẹ̀, á fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà pọ̀ sí i, ọbẹ̀ á sì tún dùn. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn rárá. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń lọ kárọ́ọ̀tì mọ́ ọn kó lè pọ́n, kó sì pọ̀. Ó máa ń dùn bí ṣúgà díẹ̀. Àwọn mìíràn ń da tòmátò inú sásẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ ka ẹ̀yìn sásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́jà: èyí tí wọ́n kọ mix sí lára máa ń ní sítáàṣì nínú, òun ló sì ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki láì ní ata.

Ti ẹran tún ní ibi tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́, ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ní ọdún 2022, NAFDAC kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi pàrásítámọ́ọ̀lù sínú ìkòkò kí ẹran lè tètè rọ̀, wọ́n ní ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Gáàsì tó wọ́n ni wọ́n ń sá fún. Kò sì sídìí fún un, torí ọ̀nà tó mọ́ wà. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì fi ra ẹran fún bí ìdajì wákàtí kó tó kaná, ń jẹ́ kó rọ̀. Ìkòkò pressure ń dín àkókò kù gan-an fún ṣàkì àti bọ̀kọ́tọ̀. Kí wọ́n gé ẹran ní ìbú iṣan rẹ̀, kí wọ́n má gé e ní òòró, ìyẹn náà ń ràn án lọ́wọ́. Epo pupa náà, NAFDAC ti kìlọ̀ lórí èyí tí wọ́n fi aró Sudan, aró tí kì í ṣe fún jíjẹ, sí kó lè pọ́n. Epo tó pọ́n rokoṣo, tí kò ní òórùn epo, kí ẹ má jẹ ẹ́.

Àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà náà ni. Àkàrà tí wọ́n fi fúláwà sí máa ń le bíi rọ́bà nínú, kì í fọ́. Mọ́ínmọ́ín tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ kì í dì dáadáa, orí rẹ̀ á rì sísàlẹ̀ tó bá tutù. Òróró tí wọ́n ti lò jù á dúdú, á máa hó fùkẹ̀, á sì máa rú èéfín kó tó gbóná tán. Dòdò tó bá jáde nínú irú rẹ̀ máa ń korò ní etí.

Ní ti àwọn ilé oúnjẹ ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ka ìsàlẹ̀ ìwé oúnjẹ kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. VAT jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, Èkó sì ní owó orí tirẹ̀ lórí oúnjẹ, ìdá 5. Oúnjẹ tí wọ́n kọ 10,000 sí, bí wọn kò bá tíì ká owó orí mọ́ ọn, á di 11,250. Bí wọ́n bá tún gba ìdá 10 fún iṣẹ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ, ó di 12,250. Bí ẹ bá ń rà á lórí áàpù agbóúnjẹ bíi Chowdeck tàbí Glovo, ẹ fi iye inú fóònù wé iye tó wà ní ilé oúnjẹ gan-an, torí ọ̀pọ̀ olóúnjẹ máa ń fi owó tí áàpù ń gbà lọ́wọ́ wọn lé orí oúnjẹ, yàtọ̀ sí owó alùpùpù.

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ní báyìí ni pé, nígbà tí ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrì wálẹ̀ lọ́dún 2025, débi tí àwọn àgbẹ̀ ń kígbe pé àwọn ń pàdánù, kí ló dé tí oúnjẹ bùkà kò wálẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ohun tó wálẹ̀ kò ju apá kan ìnáwó lọ. Owó ṣọ́ọ̀bù kò wálẹ̀, owó iná kò wálẹ̀, owó àwọn ọmọ tó ń bá wọn fọ àwo kò wálẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn títí dé ibẹ̀. Ibi tí n kò ti gbà ni pé gbẹ̀gìrì ṣì jẹ́ olómi, ẹran ṣì jẹ́ mẹ́rìndínlógún nínú kílò. Bí iye orí pátákó kò bá lè sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ kí ohun inú àwo gòkè padà. Ohun tí ó yẹ kí oníbàárà máa béèrè nìyẹn, ó sì rọrùn fún olóúnjẹ láti ṣe ju kó yọ náírà 200 kúrò lórí oúnjẹ lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ìṣirò kan ló ń kó yín sí gbèsè, tó sì ń lé yín lọ sídìí omi àti láfún. Ẹ ń pín owó ìkòkò sí iye àwo tí ìkòkò lè gbé jáde, dípò iye tí ẹ tà. Bí ìkòkò bá gba náírà 90,000, tó sì lè gbé àwo 60 jáde, ẹ ó rò pé àwo kan ná yín ní 1,500, ẹ ó sì tà á ní 1,700. Bí ẹ bá tà 50, tí àwo mẹ́wàá sì bàjẹ́, 1,800 ni àwo kọ̀ọ̀kan ná yín; ẹ ti fi ọgọ́rùn-ún náírà lé gbogbo oníbàárà lọ́wọ́ láti inú àpò yín. Ẹ má dín ẹ̀wà kù. Ẹ se ìkòkò àwo 50, kí ẹ sì ní ìkòkò kékeré kan fún ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ó gbé kaná bí èrò bá ṣì ń bọ̀. Ẹ ka gáàsì, èédú, omi, ọ̀rá àti owó ọmọ iṣẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì tún ìṣirò náà ṣe ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ra èlùbọ́ tuntun. Bí owó bá sì gbọ́dọ̀ gòkè, ẹ kọ ọ́ sára pátákó láàárọ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó, kí ẹ sì ní àwo kékeré tí iye rẹ̀ kéré fún ẹni tí àpò rẹ̀ kò gbé e, kí ọbẹ̀ tí ẹ bù sí i sì jẹ́ ọbẹ̀ kan náà pẹ̀lú ti àwo ńlá.